Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọjọ́ Kan ní Èkó

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọjọ́ kan tí mo lò ní Èkó. Ohun tí ó gbé mi dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìtìjú fún mi.

Nígbà tí a rán wa jáde lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní sáà tí ó kọjá, Kíláàsì Kẹrin ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan mo ń kọ́ wọn nípa òkun. Mo ya á sójú pátákó, mo sì ya ọkọ̀ sí orí rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí ó jókòó níwájú nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti rí òkun rí? Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe ń dún?” Ẹ̀yin ará, n kò rí òkun rí. Ìbàdàn ni a bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ náà, mo sì dáhùn pé, “Mo ti rí i. Ohùn rẹ̀ dàbí ti odò Ògùnpa nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀.” Ọmọ náà gbà mí gbọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kíkọ tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo dìde kí àkùkọ tó kọ, mo mú owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra bàtà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ní Ọ̀jọ́ta ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ tí mo wọ ọkọ̀ mìíràn tí ó gba orí afárá gígùn nì tí a parí ní 1990, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Omi lọ salalu ní ọwọ́ òsì mi. Ní ọwọ́ ọ̀tún mo rí àwọn ilé Mákòkó tí a kọ́ sórí òpó láàárín omi, àti àwọn ọmọdé tí ń tu ọkọ̀ lọ láti ilé dé ilé. Inú mi dùn tóbẹ́ẹ̀ tí mo fi ké pé, “Òkun rè é!” Ìyá àgbà kan tí ó gbé agbọ̀n ẹja lé ẹsẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀sà nìyí. Òkun ṣì ń bẹ níwájú.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Mà.” Ìgbà náà ni mo rántí pé lójú pátákó mi, odò Ògùn ni mo fà tààrà wọ inú òkun, bẹ́ẹ̀ ni inú ọ̀sà ni ó ń tú sí. Àṣìṣe kejì nìyí, n kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo dé Marina, ebi ti ń pa mí. Mo ra ẹ̀wà àgányìn àti búrẹ́dì Agége. Orúkọ ẹ̀wà yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Àgànyìn, àwọn ènìyàn tí ó ti ìhà Tógò àti Benin wá. Wọ́n sè é títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ; ata gbígbẹ tí wọ́n fi epo dín títí ó fi dúdú ni wọ́n bù lé e lórí. Omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo tún bù kún un.

Lẹ́yìn èyí mo wọ inú Kàtídírà tí ó wà ní Marina, èyí tí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ parí ní 1946. Mo rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní Èkó ní 1891. Ní 1822, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, láti Èkó yìí kan náà ni a ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú, kí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Òun kò wá wo òkun bí èmi; tipátipá ni a fi hàn án. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo rìn lọ sí Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí ó ti Brazil padà dé tẹ̀dó sí. Mo rí Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894. Ọ̀mọ̀lé Àgùdà ni ó kọ́ ọ, ọnà ara rẹ̀ sì jọ ti àwọn ilé Brazil. Nínú ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí, mo jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù. Ìyá tí ó ni ilé oúnjẹ náà sọ fún mi pé bí mo bá padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ ṣáájú Àjíǹde, òun yóò fún mi ní frejon, èyí tí í ṣe ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, oúnjẹ tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti òkè òkun.

Ní ọ̀sán mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Wọ́n fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wọ̀ mí, àyà mi sì ń já. Bàbá atukọ̀ fi ògiri òkúta méjì hàn mí lẹ́nu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ inú òkun. Ní nǹkan bí 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, nítorí òkìtì iyanrìn tí ó wà lábẹ́ omi kì í jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ etíkun tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn.

Omi Tarkwa Bay rọra dákẹ́. Bàbá náà rí i pé ojú mi kò tíì kúrò lọ́nà, ó ní, “Èyí tí ògiri dáàbò bò nìyí, ọmọ mi. Bí o bá fẹ́ rí òkun gan-an, rìn kọjá sí ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn.” Mo rìn lọ. Kí n tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohùn rẹ̀ kò jọ ti Ògùnpa rárá. Odò a máa hó lọ láìdúró. Òkun a máa sinmi. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tí ó mí sínú. Ìgbì yóò ga, yóò sì wó lulẹ̀ bí ìgbà tí òrùlé bá já, ilẹ̀ yóò sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni omi yóò fà padà lórí iyanrìn, bí ẹni tí ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ. Mo bu omi náà lá. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Mo jókòó níbẹ̀ títí Bàbá fi pè mí pé ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà, mo ní, “Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo sọ fún yín pé mo ti rí òkun. Irọ́ ni mo pa. N kò rí i rí títí di ọjọ́ Sátidé.” Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé iyì mi ti bọ́ nìyẹn. Ọmọdébìnrin ọjọ́sí ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí ohun tí ó ti kọ, ó sì ní, “Tíṣà, ẹ wá sọ ọ́ fún wa báyìí, kí n lè kọ ọ́.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò rìn tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a ó kọ́ àwọn ọmọ ni a lè fi ojú ara wa rí, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú kí olùkọ́ sọ pé, “N kò rí i rí.” Bàtà àtijọ́ ni mo ṣì ń wọ̀ títí di òní, n kò sì kábàámọ̀.