Ẹkùn, Ẹ̀kú, Ẹkún

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ní ìparí oṣù Ògún ọdún 2020. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo fóònù, nígbà tí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jí jáde láti yàrá tó sì yọjú wo ohun tí mo ń wò. Ó ka àkọlé ìròyìn náà. Ó tún un kà. Ó ní, "Dádì, Black Panther ti kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé kò rí ewé yẹn mu ni?"

Ewé tó ń sọ ni èyí tí wọ́n máa ń gún nínú fíìmù Black Panther, tó ń tàn yanran ní àwọ̀ àlùkò. Omi rẹ̀ ni Black Panther, ọba Wakanda inú ìtàn náà, ń mu tó fi ń ní agbára ẹkùn. Mo ṣàlàyé fún un pé òṣèré ló kú, pé Chadwick Boseman lorúkọ rẹ̀, pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa á nílùú Los Angeles ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ẹni ọdún 43. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó kúkú nídìí: ó ti rí ọba yìí tó di eruku nínú fíìmù ọdún 2018, ó sì rí i tó padà wá ní 2019. Lójú tirẹ̀, aṣọ àti ẹni tó wọ̀ ọ́, ọ̀kan náà ni.

Mi ò bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn, bí eégún bá jáde, a kì í sọ pé Lágbájá ló wà nínú ẹ̀kú. Ará ọ̀run ni. O lè mọ ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, kí o mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàbá tó ń ta pákó nísàlẹ̀ àdúgbò ni, ẹnu rẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí bàbá náà bá sì papò dà, ẹ̀kú kì í bá a wọ sàréè. Ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ á kó sínú rẹ̀, ọdún á pé, eégún á tún jáde, àwa ọmọdé á tún sá.

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn akọni inú ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà ṣe ń gbé ayé nínú sinimá. Láti 1948 tí Kirk Alyn ti kọ́kọ́ wọ ẹ̀kú Superman nínú fíìmù, ẹ̀kú náà ti gba ara George Reeves kọjá, ó gba ara Christopher Reeve, ó gba ara Henry Cavill, ó wà lára David Corenswet báyìí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ti àná wọlé sí. Black Panther ni ẹ̀kú kan ṣoṣo tí mo rí tí ẹni tó ni ín kọ̀ láti gbé e fún ẹlòmíràn kí ó máa jẹ́ orúkọ òkú. Ìdí tí mo fi ń ronú sí i láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Oṣù Agẹmọ ọdún 1966 ni wọ́n tẹ̀ sára ìwé tí Black Panther ti kọ́kọ́ yọjú, Fantastic Four ẹ̀dà 52. Stan Lee ló kọ ìtàn, Jack Kirby ló ya àwòrán, òyìnbó ọmọ Júù méjì láti New York. Wọ́n dá ọba kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, T'Challa, ọba Wakanda, ìlú tí òyìnbó kò rí gbà, tó ní irin kan tí kò sí níbòmíràn, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ọdún tí àwọn sójà ń gba ìjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílé níbí ni ọba adúláwọ̀ yìí jókòó sórí ìtẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Huey Newton àti Bobby Seale dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní Oakland, orúkọ wá pàdé orúkọ. Nígbà tó di 1972, wọ́n gbìyànjú láti yí orúkọ akọni náà sí Black Leopard, kí ayé má baà pa á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí ti àtijọ́. Ẹ̀rín ni èyí máa ń pa mí. Panther dúdú kò ju ẹkùn tí awọ rẹ̀ ṣú lọ. Bí oòrùn bá mú un dáadáa, àwọn tóótòòtó ara rẹ̀ á hàn. Òyìnbó pààrọ̀ orúkọ, Yorùbá ní ẹkùn ni, ẹkùn náà ni.

Èmi ò mọ akọni yìí ní kékeré mi. Ìwé aláwòrán tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tà ní Dùgbẹ̀, Superman àti Spider-Man ló pọ̀ nínú rẹ̀, èèpo ẹ̀yìn wọn á sì ti ya. Bí a bá fẹ́ ṣeré, ìró ìyá mi ni mo máa ń so mọ́ ọrùn, màá gun orí ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé akọni kan wà tó dúdú bí èmi. Ní àwọn ọdún 1990, òṣèré Wesley Snipes fẹ́ gbé e wọ sinimá, kò bọ́ sí i. Ìgbà tó di 2010 ni wọ́n ṣe eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ tirẹ̀, Djimon Hounsou ló sì yá a ní ohùn, ọmọ tí wọ́n bí ní Kútọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí. Ohùn ti dé, ara ló kù.

Ara náà dé ní 2016, nínú Captain America: Civil War. Mi ò lè gbàgbé bí gbogbo wa ṣe bú sẹ́rìn-ín ní sinimá nígbà tí lẹ́tà gàdàgbà gbá ojú àwòrán: LAGOS. Atlanta ni wọ́n ti ya Èkó ọ̀hún. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú ọjà, iná bú gbàù lára ilé kan, àwọn ará Wakanda tó wá ṣiṣẹ́ àánú níbẹ̀ sì bá a lọ. Nítorí òkú wọn ni ọba T'Chaka, bàbá T'Challa, fi lọ sí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Vienna, ibẹ̀ ni bọ́ǹbù ti pa á, tí ọmọ rẹ̀ fi gbé ẹ̀kú wọ̀. Èkó la ti dá wàhálà sílẹ̀, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

John Kani, àgbà òṣèré láti South Africa, ló ṣe T'Chaka. Èdè Xhosa tirẹ̀ ni wọ́n sọ di èdè Wakanda, Boseman sì kọ́ ọ. Boseman kò sì gbà kí ọba tí òyìnbó kò ṣẹ́gun rí máa sọ̀rọ̀ bí ará London. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe T'Chaka ní ìgbà èwe rẹ̀ fún fíìmù 2018, Atandwa Kani, ọmọ bíbí John, ni wọ́n mú. Bàbá gbé e, ọmọ gbé e: kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí agbo ilé eléégún?

Fíìmù 2018 yẹn, Black Panther tí Ryan Coogler darí, ni mo mú ọmọ mi lọ wò. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí a fi bá ara wa ní igbó Sambisa lóru: àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn obìnrin tí wọ́n kó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí, àwọn olùṣọ́ tó gbé ìbọn dání. Ẹ̀rín tán ní sinimá. Ìjínigbé àwọn ọmọbìnrin Chibok kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ẹkùn bẹ́ sílẹ̀ láti òkè, kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo àwọn obìnrin náà ti bọ́. Obìnrin kan níwájú wa mí kanlẹ̀, ó ní, "Kó rọrùn báyẹn ni ìbá dáa."

Fíìmù náà pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Ó gba Oscar mẹ́ta. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ruth Carter tó rán aṣọ, òmíràn jẹ́ ti Ludwig Göransson, ará Sweden, nítorí orin. Orin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Göransson kò jókòó sí Los Angeles kó máa dọ́gbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà. Ó lọ sí Senegal, ó tẹ̀lé olórin Baaba Maal kiri, ibẹ̀ ló ti bá Massamba Diop pàdé, ẹni tó ń lu tama, ìlù abíyá tó jẹ́ ọmọ ìyá gángan wa. Tama yẹn ló ń dún nígbàkígbà tí ọba bá ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí a tún fíìmù náà wò nílé, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Àyàn wà ní pálọ̀ wa, ó wá bá wa tún ìlù ọmọ mi ṣe. Kò wo àwòrán, awọ ló ń so. Bí tama ṣe dún, ó gbórí sókè, ó ní, "Ta ni wọ́n ń pè?" Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n ń pe ènìyàn. Ó ní èdè ọ̀hún kò yé òun, àmọ́ orúkọ ni. Òótọ́ ló sọ. Orúkọ T'Challa ni Göransson ní kí ìlù náà máa pè.

Ohun tí ìlù kò mọ̀ ni pé ẹlòmíràn tún wà lábẹ́ T'Challa. Boseman, ọmọ ìlú Anderson ní South Carolina, sọ pé àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Yorùbá wà lára àwọn baba ńlá òun, pẹ̀lú àwọn Limba àti Krio ti Sierra Leone. Nígbà tí mo kà á, mo rántí eégún. Ọmọ tí wọ́n kó lọ ló fi ẹ̀kú bora tó padà wá bá wa ṣeré, a ò dá a mọ̀.

Ó tún ń gbé nǹkan mìíràn pa mọ́ sínú ẹ̀kú náà. Ọdún 2016, ọdún tí Èkó bú gbàù nínú Civil War, ni dókítà sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ. Láàárín iṣẹ́ abẹ kan sí òmíràn, láàárín oògùn tó ń gba agbára lára ènìyàn, ló ń fò, tó ń jà, tó ń ṣe ọba. Coogler tó ń darí rẹ̀ kò mọ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ akọni ilé wa. Òun ló san owó ilé-ìwé wa, òun ló ń gbé bàbá wa lọ sí ọsibítù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń ra àgbo lọ́wọ́ ìyá kan létí títì, ó ń dín ṣúgà kù. Bó ṣe ń rù, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ agbádá tó tóbi sí i. Ìgbà tí yóò fi gbà láti rí dókítà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ àgbo. Ọdún mẹ́rin ṣáájú Boseman la sin ín. Títí di òní, agbádá yẹn ń bí mi nínú ju àìsàn náà lọ.

Ní oṣù Bélú 2022, Wakanda Forever jáde. Àwọn tó ni ín kò wá T'Challa tuntun, wọ́n ní kí ọba náà kú bí ẹni tó ṣe é ṣe kú, àìsàn tí wọn kò dárúkọ. Èkó tí wọ́n yà ní Atlanta lọ́jọ́sí wá di ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Áfíríkà, Coogler àti àwọn òṣèré rẹ̀ wá fúnra wọn. Tems, ọmọ Èkó, wà lára àwọn tó kọ orin arò tí Rihanna fi dágbére. Nígbẹ̀yìn, Shuri, àbúrò ọba, ló wọ ẹ̀kú, lórúkọ ara tirẹ̀. A máa ń sọ pé bí obìnrin bá mawo, kò gbọ́dọ̀ wí. Eléyìí mọ̀ ọ́n, ó wí i, ó tún gbé e. Ìyá Àgan ilé eléégún á ti rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ló bá mi. Kí àwòrán tó yọ, ohùn Shuri la gbọ́ tó ń gbàdúrà. Ó ń sáré ní yàrá ìwádìí, ó ń gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ ṣe ewé aláwọ̀ àlùkò yẹn kó lè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu. Kò bá a. Ọmọ mi wò mí nínú òkùnkùn sinimá, kò sọ nǹkan kan. Ìbéèrè tó bi mí ní 2020 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Mo wá lè dá a lóhùn báyìí, ẹ̀yin náà ni mo sì ń bá wí, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí ilé gbójú lé. Ewé yẹn kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá rí nínú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí dán wò lọ́dún gbáko. Ẹ lọ fi han dókítà lọ́sẹ̀ tí ẹ rí i, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé. Ẹ̀kú, òde ìṣeré la ń wọ̀ ọ́ lọ. Bí a bá délé, a máa ń bọ́ ọ.