Ọ̀nà Ilé, Ọ̀nà Ìta

Láyé àwa tí a ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka báńkì ní nǹkan bí ọdún 2004, ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde lọ́dọ̀ wa. Díìṣì kan wà lórí òrùlé tó ń ta ọ̀rọ̀ wa sí sátẹ́láìtì, nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí olú iléeṣẹ́ l'Ékòó. Kí ọ̀rọ̀ tó lọ, kí èsì tó dé, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ti kọjá. Owó tí kásíà ń san gba ibẹ̀, ìròyìn tí ọ̀gá ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà gba ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń wo àwòrán ìgbéyàwó ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn tó tò sí iwájú kásíà ló ń jìyà rẹ̀. Bí òjò ńlá bá dé, a ó ní "nẹ́tíwọ̀kì ò sí". Kò sẹ́ni tó bi wá pé èwo ni kò sí. Ẹyọ kan péré la ní.

Lónìí, ọ̀nà ti di méjì. Rúútà ń wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Èyí tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, ti ilé ni, á gba VPN lọ sí Èkó. Ìyókù, ti ìta ni, á gba fáíbà àdúgbò jáde tààrà. Ará Òṣogbo tó fẹ́ bá Google sọ̀rọ̀ kò ní láti kọ́kọ́ yà sí olú iléeṣẹ́ mọ́. Kásíà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń yin àtijọ́ á ní fáyáwọ̀ọ̀lù kan l'Ékòó ló ń ṣọ́ gbogbo wa nígbà náà, bí agbo-ilé tó ní ẹnu-ọ̀nà kan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ọgbọ́n ààbò kọ́ ló sọ ọ̀nà di ẹyọ kan, owó ni. Kí okùn abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010, dátà wọ́n bí imí eégún. Fáírọ́ọ̀sì pàápàá kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu dé Èkó. Inú fláàṣì tí a fi ń kó orin ló ń bá wọlé.

Nísinsìnyí tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀, ta ló ń ṣọ́ ọ? Wọ́n ní ààbò ti wà nínú cloud. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan náà ló ń ti orí tábìlì kan wo ọ̀nà méjèèjì, ohun tó bá sì ti ìta wọ inú rẹ̀ kò jìnnà sí owó oníbàárà. Ìpínyà náà kì í sì í fìgbà gbogbo pé. A ti rí ẹ̀ka tó pín ọ̀nà tán, tó gbàgbé DNS sí Èkó: lọ́jọ́ tí ọ̀nà Èkó já, fáíbà àdúgbò ń ṣiṣẹ́ geere, síbẹ̀ kò sí ojú-ewé kan tó ṣí, nítorí ẹni tí wọ́n ń bi pé "ibo ni Google wà?" kò sí nílé.

Nígbà tiwa, ohun tó jẹ́ ti ilé wà nílé lóòótọ́: sáfà wà ní yàrá tútù kan l'Ékòó, a sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, lẹ́tà inú iléeṣẹ́ àti ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́ ti kó lọ sọ́dọ̀ Microsoft. Àdírẹ́ẹ̀sì wọn kò fi 10 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ìta ni rúútà ń darí wọn sí.