Ohun tí Kíjìpá Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Aṣọ ni a máa ń kọ́kọ́ rí lára ènìyàn kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nítorí náà, nínú eré ìtàn tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe ní ìparí ọdún, aṣọ ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwa òbí, olùkọ́ àti aránṣọ ní agbègbè Adja-Ouèrè, tí a jọ ṣe aṣọ irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, àti ìdí tí a kò fi ra ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe.

Ìtàn tí a yàn kò jìnnà sí wa. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí àwọn Faransé ń pè ní Holli, jẹ́ ará ilé wa. Ilẹ̀ wọn wà láàárín Pobè àti Kétu, nínú kòtò ilẹ̀ ńlá tí a ń pè ní Lama, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹrẹ̀ ní èdè Pọtogí. Ilẹ̀ dúdú ni. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ a máa rì nínú rẹ̀, ọ̀nà a sì di. Ní 1914, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ìjọba Faransé ń gba owó-orí, ó ń fi ipá kó ènìyàn síṣẹ́ ọ̀nà, ó sì tún ń wá ọ̀dọ́kùnrin tí yóò fi ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n gbé ọrun àti ìbọn, ẹrẹ̀ ilẹ̀ wọn sì bá wọn jà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni Faransé fi borí wọn.

Nígbà tí a bi àwọn ọmọ léèrè pé kí ni àwọn Ọ̀họ̀rí ìgbà náà ń wọ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn dáhùn pé ewé ni, àwọn mìíràn ní àkísà ni. Ọmọkùnrin kan sọ pé òun kò ní ṣe Ọ̀họ̀rí rárá. Sójà ni òun fẹ́ ṣe, nítorí pé sójà ní fìlà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀họ̀rí ni ìyá bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Bí ọmọ bá ti gbà pé àkísà ni baba ńlá òun wọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tí yóò mú un fi ìgboyà dúró ní ipò baba náà lójú agbo.

Ọ̀ràn kejì ni ti owó. Àwọn kan nínú wa dábàá pé kí òbí kọ̀ọ̀kan ra àǹkárá kan náà ní ọjà Ikpinlè, kí àwọn ọmọ lè dọ́gba. Ìmọ̀ràn náà dára létí, ṣùgbọ́n a mọ àwọn ilé tí kò ní lè san án. Ọmọ tí kò bá ní aṣọ a máa sọ pé ara òun kò yá ní ọjọ́ eré, a ó sì gbà á gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ẹni tí ó wọ irú àǹkárá bẹ́ẹ̀ jagun ní 1914. A pinnu pé a kò ní ra aṣọ kankan.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni a kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ. Ìyá àgbà kan ṣí àpótí rẹ̀, ó gbé kíjìpá jáde, aṣọ òwú tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìnaró nínú ilé. Ó ní kí àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu yà wọ́n pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ojú ìrán hàn wọ́n, níbi tí a ti so ìbú aṣọ kan mọ́ èkejì, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń gbọn òwú, bí a ṣe ń ran án, àti bí a ṣe ń rẹ ẹ́ sínú aró. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi kóló apá rẹ̀ hàn wọ́n, iṣẹ́ olóólà tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ewé mọ́.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. A kó aṣọ ìbusùn tí ó ti gbó jọ, a fọ̀ wọ́n, a gé wọn ní ìbú-ìbú, a sì rán méjì-méjì pọ̀ kí ojú ìrán lè hàn bí ti kíjìpá. A já ọ̀mùnú ewé tííkì, a gún un, a sè é pẹ̀lú iyọ̀, a sì rẹ aṣọ náà sínú omi rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó jáde ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ oko wa. Hóró ìdò ni a sín ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èédú tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ òróró ni a fi ya kóló sí apá àwọn ọmọbìnrin. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ di ọrun àti ìbọn; a fi aṣọ di orí ọfà, kí ó má ba à gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ti àwọn sójà ni kò gba wàhálà rárá. Káki ni aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Benin, gbogbo ọmọ ni ó sì ní i. A fi páálí àti aṣọ pupa ṣe fìlà wọn, a fi ìyẹ̀fun gbágùúdá tí a rò lórí iná lẹ̀ ẹ́. Ààbọ̀ igbá tí a fi ẹfun kùn, tí a so etí páálí mọ́, ni ó di akoto ọ̀gá òyìnbó. Báyìí ni ọmọ tí ń wá fìlà sójà rí i pé aṣọ tí òun ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni aṣọ sójà náà, àti pé kíjìpá ni gbogbo ojú ń wò. Kò pẹ́ tí ó fi wá béèrè bóyá àyè Ọ̀họ̀rí kan ṣì ṣẹ́ kù.

A ṣe ètò mìíràn sí i. Ènìyàn dúdú bí tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà tí Faransé kó wá. Àwọn ọmọ Nàgó, Ọ̀họ̀rí, Fọ̀n àti Gùn ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì kan náà, a kò sì fẹ́ kí aṣọ sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀tá títí láé. Nítorí náà, gbogbo wọn wọ káki nísàlẹ̀, wọ́n sì ró kíjìpá lé e. Ẹni tí ó ṣe Ọ̀họ̀rí ní ìran kìíní a tú ìró rẹ̀, a sì di sójà ní ìran kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé aṣọ àtúnlò àti aṣọ àyálò rẹ eré sílẹ̀, kí ó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Gèlè àti ìró tí a yá lọ́wọ́ àwọn ìyá ni ó ń so mọ́ra lọ sí agbo, kò sì sí ẹni tí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Eré ìtàn nílé-ẹ̀kọ́ pàápàá kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dàhòmì ní ilé-ẹ̀kọ́ William-Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl ṣe eré lórí ìpàdé Béhanzin pẹ̀lú Bayol, aṣojú Faransé. Ní 1937, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ponty gbé eré wọn dé Paris. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn gan-an, àwọn ọ̀dọ́ wọ aṣọ àwọn baba wọn lójú àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn.

Àwọn aṣọ wa wà nínú àpótí kan báyìí. A so ìwé kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá àti ní Faransé, tí ó sọ orúkọ aṣọ náà àti bí a ṣe ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ eré. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín gbé ohun tí ó wà níbẹ̀ wò.