Fọ́tò Shooting Stars àti Káàdì Inú Páálí Sìgá

Post òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti ìgbà tí màmá díákónì wa kan ti rí nǹkan kan lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé Pásítọ̀ ń tọ́jú sìgá. Sìgá kọ́ o. Káàdì ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn jà, torí inú páálí sìgá ni káàdì náà ti jáde lóòótọ́, orúkọ sìgá ọ̀hún sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà: Piedmont. Ẹni tó fa sìgá yẹn ti fà á tán láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé ní Houston ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tó wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀. Láàárín 1909 sí 1911, American Tobacco Company máa ń fi káàdì kékeré kan sínú páálí sìgá tí wọ́n ń tà, àwòrán agbábọ́ọ̀lù ló sì wà lójú rẹ̀. Baseball ni bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi kùmọ̀ gbá. Káàdì náà ò gùn tó ìka àárín mi. Àwòrán tó lé ní 500 ni wọ́n tẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ, àfi kó máa ra sìgá lójoojúmọ́. Ẹ rí ọgbọ́n ayé! Àwọn ọmọdé á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa tọrọ káàdì lọ́wọ́ àwọn bàbá tó bá ń jáde.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún jìnnà sí wa. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà àti Imperial Tobacco ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló para pọ̀ dá British American Tobacco sílẹ̀ ní 1902, àwọn tó wá ń ṣe sìgá tí àwọn bàbá wa ń fà láti Ìbàdàn. Àwa ọmọ kékeré ní Ọ̀ffà nígbà náà, páálí òfìfo la máa ń ṣà kiri Ọjà Ọ̀wọ̀dé àti ìdí réluwé, a ó wá tò ó tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ ojú irin.

Arákùnrin wa yìí kì í ṣa gbogbo ẹgbẹ́. Pittsburgh nìkan ló ń kó, ẹgbẹ́ tó na Detroit gba ife-ẹ̀yẹ wọn ní 1909. Èyí tó fún mi, méjì irú ẹ̀ ló ní: ọ̀gbẹ́ni Phillippe, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Deacon! (Màmá díákónì, ṣé ẹ rí i báyìí?) Òun ló ju bọ́ọ̀lù fún Pittsburgh nínú ìdíje àkọ́kọ́ pàá nínú World Series, ní 1903, wọ́n sì borí. Lára káàdì, "Pittsburg" ni wọ́n kọ, kò sí "h" níparí, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìjọba wọn ní kí wọ́n máa kọ ọ́ nígbà náà. Àwa tí wọ́n ń bá fa ọ̀rọ̀ lórí "f" kan tàbí "f" méjì nínú orúkọ ìlú wa, ó yẹ kí ìyẹn yé wa.

Nínú álíbọ́ọ̀mù rẹ̀, àyè kan ṣófo. Ó kọ orúkọ sórí bébà funfun, ó fi síbẹ̀: Honus Wagner. Àgbà agbábọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tẹ káàdì tirẹ̀ lọ títí tó fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù láyé ò fi pọ̀ rárá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé torí òun ra sìgá. Àwọn mìíràn ní owó ni wọn ò san fún un. Mo mọ èyí tí àwa oníwàásù máa ń mú nínú méjèèjì! Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ tábà lẹ́nu, nítorí náà mo rọra fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú káàdì Wagner ní mílíọ̀nù méje dọ́là àti ìdámẹ́rin. Bébà tí wọ́n fi ta sìgá o!

Nígbà tí mo ń ṣí álíbọ́ọ̀mù yẹn lójú ewé kan sí èkejì, ohun kan ni mo ń wá tí mi ò rí. Kò sí adúláwọ̀ kan níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀ta-dín àwòrán yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ò sí, torí títí di 1947 tí Jackie Robinson wọlé, wọn ò gba adúláwọ̀ láàyè nínú líìgì ńlá wọn. Àwọn èèyàn wa ń gbá a nígbà náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ sìgá tó fi ojú wọn sínú páálí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún arákùnrin wa pé, èmi náà ní ẹgbẹ́ tí mò ń kó, kò sì sẹ́ni tó tẹ káàdì tiwọn fún mi.

IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ni. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ má bínú, bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ní réluwé ló kó o ràn mí, òun ló máa ń mú Daily Sketch bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní 1976 tí wọ́n na Tonnerre ti Kamẹrúùnù, ẹgbẹ́ Roger Milla, tí wọ́n gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan láti Nàìjíríà tó tíì gba ife Áfíríkà rí. Segun Odegbami, Muda Lawal, Kunle Awesu, Sam Ojebode: bá a ṣe ń ka orúkọ wọn nígbà náà, bí ẹni ń ka oríkì ni. Nígbà tí Nàìjíríà sì fi góòlù mẹ́ta na Algeria ní Èkó, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta 1980, Odegbami gbá méjì, Muda gbá ọ̀kan. Ọmọ Shooting Stars ló gbá gbogbo rẹ̀ wọlé.

Muda Lawal lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà nígbà márùn-ún léra wọn. Ó kú ní 1991. Ẹ lọ wá fọ́tò rẹ̀ tó mọ́ gaara nínú jẹ́sì Shooting Stars, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi iye tẹ́ ẹ rí.

Ohun tí mo ti rí jọ ò pọ̀: kàlẹ́ńdà méjì, ojú ewé ìwé ìròyìn bíi mélòó kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí ikán ti jẹ igun rẹ̀. Fọ́tò Awesu tí mo ní, ìwé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà fún mi ni mo ti gé e, òróró ti gba apá òsì ojú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kì í ṣe pé mo sọ wọ́n di òrìṣà. Mi ò forí balẹ̀ fún Muda Lawal o jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àtè lẹ Odegbami mọ́ ògiri nígbà tẹ́ ẹ wà ní girama, ẹ panu mọ́.

Ẹni tí mo máa ń rántí tí wọ́n bá ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe ni Jefferson Burdick, ará Syracuse ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lásán ni, kò láya, kò lọ́mọ, àìsàn oríkèé sì ti ká a lọ́wọ́ kò. Òun ló to gbogbo káàdì wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, òun ló fún ti 1909 yìí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí dòní, T206. Ohun tó lé ní 300,000 ló kó fún Metropolitan Museum ní New York. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ jókòó níbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ tó wú yẹn lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1963. Ó kú ní oṣù Kẹta.

Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò wa kan pè mí. Wọ́n ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀ tán, wọ́n ń palẹ̀ yàrá mọ́, ó sì mọ̀ pé mo máa ń wá ìwé àtijọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, iná ti ń jó lẹ́yìnkùlé. Rìsíìtì, ìwé owó-orí, lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ló ń jó. Páálí bàtà kan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo tú u. Láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìkómọ ni mo ti rí i: fọ́tò pósíkáàdì, dúdú-òun-funfun, etí rẹ̀ ti ká. Mọ́kànlá ni wọ́n, mẹ́fà dúró, márùn-ún lóṣòó. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn pé "Liberty Stadium, 1976." Kì í ṣe èyí tí wọ́n gé látinú ìwé ìròyìn o. Fọ́tò gan-an ni, tí fọtógíráfà fọ̀. Àyà mi lù kì kì. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wá irú ẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ máa mú un lọ jàre. Iná ni ì bá jó o."

Mo ní ṣé Àlàájà mọ̀ sí i. Ó ní Àlàájà ń sùn, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Mo ní ká jọ wọlé.

Wọn ò sùn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo fi fọ́tò náà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọn ò wo Odegbami, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìka wọn kọjá sẹ́yìn tààrà, síbi tí èrò dúró sí, sórí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà abetí-ajá.

"Bàbá wọn rèé, Pásítọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà. Ọjọ́ tí wọ́n lọ Ìbàdàn tí wọn ò sọ fún mi nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi dá wọn lóhùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi dé ojú wọn.

Ọmọ wọn ní, "Màmá, Pásítọ̀ á fún yín lówó." Owó wà lápò mi lóòótọ́, mo sì ti ń ṣírò iye tí mo lè fi kún un. Àlàájà ní, "Owó á tán." Wọ́n ti fọ́tò náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n fi fóònù yà á. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn ò fi lé mi lọ́wọ́ mọ́, àwọn fúnra wọn ló dì í mú lójú fèrèsé. Nínú èyí tí mo tẹ̀ jáde, tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi báyìí, àtàǹpàkò Àlàájà bo ẹsẹ̀ goalkeeper.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó dáná sun páálí Dádì yín, ẹ tú u wò. Kàlẹ́ńdà, tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ Shooting Stars láti 1976 títí dé 1984 tí wọ́n pàdé Zamalek. Ẹ má kó o wá fún mi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá ná, tí wọ́n bá gbà, kẹ́ ẹ ya iwájú, kẹ́ ẹ ya ẹ̀yìn, nínú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí inbox mi. Tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó dúró lẹ́yìn, ẹ bá mi kọ ọ́ sí i. Ti 1984 ni mi ò tíì ní ẹyọ kan.