Ilẹ̀kùn Dáńfó Nínú Ilé Wa

Ní òru ọjọ́ Àìkú kan, nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, a gbọ́ tí nǹkan dún gbì ní yàrá Màmá Àgbà. Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí ojú wọn kò ti ríran dáadáa mọ́. A sáré débẹ̀, a ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n ṣubú sí. Bí a bá ti tì í sínú díẹ̀, ara wọn là ń tì, wọ́n á sì ké. Irin tí wọ́n fi sójú fèrèsé nítorí olè kò jẹ́ ká gba ibẹ̀ wọlé. Nígbẹ̀yìn, ayùn aládùúgbò la fi gé òkè ilẹ̀kùn náà kí ẹ̀gbọ́n mi tó ráyè wọlé. Egungun ọrùn-ọwọ́ wọn ti kán.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo gbé wá.

Bàbá mi kọ́kọ́ ní kí ilẹ̀kùn tuntun máa ṣí síta. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, gbogbo ayálégbé ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi fóònù hàn wá: ilẹ̀kùn àká àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, tó rọ̀ mọ́ irin lókè, tí wọ́n ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn olówó ti gbé wọ inú pálọ̀ báyìí. Mo ní kí ló ń wá a dé Amẹ́ríkà sí? Ṣé a kò rí i lára dáńfó ní Òṣòdì lójoojúmọ́ ni? Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. (Mo gbìyànjú “ilẹ̀kùn àwọ́tì”, màmá mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kó fi ránṣẹ́.)

Mahogany ni mo fẹ́. Bàbá káfíńtà wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa gbé e kọ́ ni?” Kẹ̀kẹ́ méjì péré ni yóò gbé gbogbo ìwúwo ilẹ̀kùn náà. Afàrà ni wọ́n mú, nítorí kò wúwo, wọ́n sì yan èyí tó ti gbẹ dáadáa. Wọ́n ní pákó tútù á ká kò lẹ́yìn oṣù méjì, á wá máa ha ògiri. Ẹnu ọ̀nà wa jẹ́ ínṣì 30, nítorí náà ilẹ̀kùn gba ínṣì 34, kó lè bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irin tó ń yí lé gba ínṣì 70, torí pé ilẹ̀kùn nílò ibi tó máa sá lọ nígbà tó bá ṣí.

Kẹ̀kẹ́ náà, Ládípọ̀ la ti rà á: béárìnì mọ́tò méjì, nọ́ńbà 6203. Bọ̀dá wẹ́dà fi wáṣà ńláńlá há a lọ́tùn-ún lósì kó má baà yọ̀ kúrò lórí irin.

Ibi tí a ti ṣìṣe ni ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi lu ihò, ó ki ike bọ̀ ọ́, ó fi sukúrúù dè é. Ó dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tirin tìlẹ̀kùn. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀. Ara mi gbọ̀n, torí Màmá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ni. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé l'Ékòó ní ihò nínú. Òfìfo ni sukúrúù wa dì mú. Kankéré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà nìkan ló le, kò sì gùn tó irin wa. Bàbá káfíńtà kọ́kọ́ fi pákó nínípọn mọ́ kankéré yẹn. Níbi tí kankéré parí sí, wọ́n lu ògiri já sí yàrá, wọ́n ki bóòtù gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dè é lódì kejì. Bàbá lánlọ́ọ̀dù gbà, bí a bá ṣáà ti máa dí ihò náà nígbà tí a bá ń kó lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín: kò dí ariwo, kò dí ẹ̀fọn, òórùn ẹja díndín aládùúgbò sì ń wọlé bó ṣe wù ú. Ìkọ́ kékeré la fi sínú dípò kọ́kọ́rọ́, èyí tí a lè fi ọ̀bẹ gbé láti ìta. Màmá Àgbà kọ́kọ́ bínú sí i. “Ṣé ẹ fẹ́ máa wò mí bí mo ṣe ń sùn ni?” Ní báyìí, wọ́n á wọ́ ọ ṣí láàárọ̀, wọ́n á ké bíi kọ̀ndọ́kítọ̀: “Òṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!”

Ó ń han díẹ̀ bó bá ń yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé gírísì wá, wọ́n ní kó gbé e padà.

“Ẹ jẹ́ kó máa han. Bí mo bá jáde lóru, ẹ ó gbọ́.”