Gàráńtì Tí Mo Fi Owó Rà

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọmọkùnrin tí ó ta bọ́ọ̀sì kékeré kan fún mi ní Èkó ní ìparí ọdún 2021 mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Tòkunbọ̀ ni bọ́ọ̀sì náà, ó gba ènìyàn méje. N kò rà á láti fi kó èrò. Mo rà á kí èmi àti àwọn ará ilé mi lè máa fi ṣe fàájì nígbà ìsinmi, kí n sì lè máa gbé ìyá mi jáde kí ogbó tó dá a jókòó sílé.

Bí mo ti san owó ọkọ̀ tán, ọmọkùnrin yìí fa ìwé mìíràn yọ. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fi ₦180,000 kún un, kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, ohunkóhun tó bá ṣe ẹ́ńjìnì tàbí gíà, tiwa ni." Àfikún gàráńtì ni ó pè é. Owó tó kù lápò mi kì í ṣe tèmi. Owó àjọ ìyàwó mi ni, tí a fẹ́ fi san owó ìdánwò àwọn ìbejì wa. Mo kà á fún un, mo buwọ́ lùwé. Èmi tí mo ń fi kíkà àti kíkọ jẹun, n kò ṣí ojú ewé kejì wò.

Nígbà tí mo dé Adó, tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí ọkọ̀ yìí bá takú sí Ìjerò, ṣé láti Èkó ni wọn yóò ti wá tún un ṣe?" Mo ní kí ó má fẹnu kó bá wa.

Ọdún kan kọjá, kò sí wàhálà. Mẹkáníìkì mi ní Ajílósùn ló ń bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì, tó ń bá mi wo bíréèkì. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2022, a gbéra láti Adó, a gbé ìyá mi ní Ìyìn, a gba Ìgèdè àti Aràmọkọ kọjá, a forí lé Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi. Ó ní òun fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná náà.

A kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí a kan òkè kan. Ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Gíà ti kú. Mo pe Èkó, fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ìyá mi jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, ìwé tí o rà yẹn, ṣé kò lè ti ọkọ̀ ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní kí n fi owó ara mi wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Èkó, kí n sì kó rìsíìtì wá tí yóò fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ni mo ti ń ṣe sáfíìsì. N kò ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú ewé kejì, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo yá ₦320,000 nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mẹkáníìkì mi sì wá gíà mìíràn fún mi. Kí ọkọ̀ náà tó tún rìn, oṣù méjì ti kọjá, ẹsẹ̀ ìyá mi sì ti le sí i. Títí di òní, kò tíì dé Ìkògòsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo bínú gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Àbúrò mi kan ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé lọ́hùn-ún, àwọn tó ń ra ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ìdáná nínú, tí wọ́n fi ń lọ gbafẹ́, wọ́n ń rọ àwọn náà láti ra irú ìwé yìí. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1975 kò gbà kí ẹni tó ṣe ọjà kọ gàráńtì tirẹ̀ kìkì nítorí pé o tún ọjà náà ṣe níbòmíràn, àfi bí ó bá ń bá ọ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àfikún tí o fi owó rà, àdéhùn ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní òfin tirẹ̀.

Nílé wa níbí, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé ọjà tí a bá tà fún wa gbọ́dọ̀ dára, kó má sì ṣeni léṣe. Ẹ̀tọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi owó kún kí a tó rí. Ẹ má sì fi gàráńtì wé ìnṣọ́ránsì tí ìjọba fi dandan lé. Èyí tí wọ́n sọ di ₦15,000 láti ₦5,000 fún ọkọ̀ àdáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ohun tí a bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kò mọ gíà rẹ.

N kò sọ pé jìbìtì ni gbogbo gàráńtì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ra ti bọ́ọ̀sì tuntun tó fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì bàjẹ́, wọ́n sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ilé rẹ̀, gbogbo rìsíìtì rẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ń ta gàráńtì kò ṣe sàráà. Owó tó gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ń tún ti ìwọ̀nba díẹ̀ ṣe, ìyókù di èrè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò tún un ṣe, níbo ló sì wà? Kí ni ìwé yìí yọ sílẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe tí kò fi ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, tó sì jẹ́ ọkọ̀ náà lẹ fi ń jẹun, ẹ rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Láti ọdún 2023 ni mo ti ń fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ wa. "Owó gíà" ni ìyàwó mi ń pè é, òun ni ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ buwọ́ lùwé ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé kejì.