Ṣílè Tí Kò Ní Àmì

Ní ìsinmi tó kọjá, ní Jobele, ìyá mi àgbà tú aṣọ kan, wọ́n sì fi ṣílè fàdákà méjì tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn hàn mí. Igi ọ̀pẹ wà lára méjèèjì, pẹ̀lú ọdún 1914. Lẹ́tà H kékeré wà lára ọ̀kan. Kò sí lára èkejì. Mo ní ayédèrú ni èkejì. Màmá kò fọhùn; wọ́n dì í padà.

Nígbà tí mo padà sí yunifásítì ni mo kà á pé ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló fi H sí èyí tó tẹ̀. Lọ́ńdọ́nù kò fi àmì kankan sí tirẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ojúlówó ni méjèèjì! Ìmọ̀ mi ló kù díẹ̀ káàtó. Ní Sátidé, mo ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.